Bí A Ṣe Lè Fi Ohun Ìlò Ilé Ṣe Ọ̀ṣọ́ Abanilẹ́rù fún Alẹ́ Halloween

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò Èkìtì bá ti ń dágbére, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀, ni àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni a máa ṣe fún Halloween. Lọ́dún tí ọmọbìnrin mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wá lo ọ̀sẹ̀ ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì, wọn kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí èyí tó kéré jù nínú wọn fi bi mí pé, "Màmá àgbà, níbo la máa gbé àwọn iwin sí?" Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́, nítorí náà ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wo yàrá ìdáná, mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo wo ibi tí a ń kó àwọn agolo àti páálí sí, mo sì rí i pé ohun gbogbo ti wà nílẹ̀, kò sí èyí tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ lọ ná owó ní Ọjà Ọba.

Alẹ́ 31 oṣù Kẹwàá ni Halloween, ìyẹn ni pé ó jẹ́ ìṣọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ tí àwọn ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà ń ṣe ní 1 oṣù Kọkànlá. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ilẹ̀ Ireland, àwọn Celt tó wà níbẹ̀ ní àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain, èyí tí wọ́n fi ń kádìí ìkórè tí wọ́n sì fi ń wọ ìgbà òtútù, wọ́n sì gbà pé alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn òkú máa ń súnmọ́ alààyè jù lọ. Àwọn ará Ireland àti Scotland a máa gbẹ́ ojú àti ẹnu sára turnip, irúgbìn kan tí ìdí rẹ̀ wú bí ìkúùkù, wọn a sì tan iná sínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún 19, wọ́n bá elégédé pàdé níbẹ̀, wọ́n rí i pé ó tóbi ju turnip lọ, pé ó sì dùn ún gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni elégédé ṣe gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Elégédé kò sì ṣàjèjì sí wa rárá, nítorí ìtàkùn tí à ń já gbọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọbẹ̀ náà ni.

Kí a tó mú sísọ́ọ̀sì

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá rí agbárí òkú oníke lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé eré ni. Lọ́dọ̀ wa, àwọn àmì kan wà tí kì í ṣe eré. Bàtà àlòkù tí a so pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa, ààlè ni, ẹni tó bá sì rí i lára igi yóò gbà pé olóko ń kìlọ̀ fún olè. Igbá tí epo pupa wà nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tàbí ní oríta, gbogbo wa la mọ ohun tí yóò jọ lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ̀kú egúngún ní àwọn tó ni ín, kò sì yẹ kí a fi àkísà àti páálí ṣe àfarawé rẹ̀ nítorí àríyá ọmọdé. Òwìwí pàápàá, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó lára páálí, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́ sí ògiri mi, nítorí àlejò tó bá rí i kò ní jókòó pẹ́.

Mo ti jìyà èyí rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan ni mo gbé kọ́ sórí igi máńgòrò tó kọjú sí títì, mo sì gbàgbé láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó sùn. Nígbà tí ìyá alákàrà tó wà ládùúgbò wa ń kọjá ní ìdájí, tó ru abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ sórí, afẹ́fẹ́ fẹ́, aṣọ náà na apá sí i. Igbe "Jésù!" tó ké ni ó jí mi. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, abọ́ ti dojú dé, ẹ̀wà ti ṣàn wọ inú gọ́tà, ìyá náà sì ti sá dé iwájú ilé kẹta, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo san owó ẹ̀wà, mo bẹ̀ ẹ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó tún kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Láti ìgbà náà, ohun méjì ni mo fi ṣe òfin: inú ọgbà ni gbogbo ọ̀ṣọ́ ń wà, lẹ́yìn ògiri, níbi tí ẹni tí a kò pè kò ti lè rí i, èkejì ni pé mo ń sọ fún àwọn ará ilé apá ọ̀tún àti apá òsì ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Sítáàṣì ni ìpìlẹ̀

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí à ń fi lọ aṣọ ni yóò ṣe iṣẹ́ gọ́ọ̀mù, iṣẹ́ ọ̀dà, àti iṣẹ́ egungun fún àwọn iwin wa. Ẹ bu ṣíbí ìmùkọ 3 sínú abọ́, ẹ fi ààbọ̀ kọ́ọ̀pù omi tútù pò ó títí tí kò fi ní sí kókó nínú rẹ̀, kí ẹ wá da kọ́ọ̀pù 2 omi tó ń hó yaya lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí à ń po ẹ̀kọ. Ó ti jinná nígbà tí àwọ̀ funfun rẹ̀ bá parẹ́ tó sì ń dán. Bí ó bá ṣì funfun, ẹ gbé e padà sórí iná fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí ó tutù dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á kí àwọn ọmọ tó súnmọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀dà dúdú, ẹ gún èédú kúnná, ẹ fi àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì pò ó mọ́ díẹ̀ nínú sítáàṣì náà. Ó máa ń dúdú ju ọ̀dà inú ike tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ, kì í dán, ohun tí kò bá sì dán ni òkùnkùn máa ń gbé mì dáadáa.

Iwin tó dá dúró

Ẹ wá aṣọ funfun tó ti fẹ́lẹ́, bóyá aṣọ ìtẹ́bùsùn tó ti gbó tàbí kọ́tínì àtijọ́, kí ẹ sì gé èyí tó fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti ní òró. Ẹ fi iyanrìn kún ìgò oníke lítà 1 àbọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà bì í ṣubú, ẹ fẹ́ bàlúùnù kan dé ìwọ̀n orí ọmọ ọwọ́, ẹ sì so ó mọ́ ẹnu ìgò náà. Hángà onírin kan tí ẹ tẹ́ títí tí apá méjèèjì fi yọ síta ni ẹ ó fi wáyà so mọ́ ọrùn ìgò, ìyẹn ni yóò di apá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọn a sì wá fa aṣọ ya nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ ìgò.

Ẹ ri aṣọ náà sínú sítáàṣì títí yóò fi mu ún délé, ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé orí bàlúùnù náà kí etí rẹ̀ máa kan ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka ṣètò ìṣẹ́po rẹ̀. Oòrùn ọjọ́ kan tó, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá, òjò ọ̀sán ṣì lè já lójijì lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ gbé e wọlé kí agogo méjì tó lù, bí kò bá tíì gbẹ ẹ tún gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó bá ti le koránkorán bí ẹran gbígbẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún bàlúùnù náà, ẹ yọ ìgò àti hángà kúrò lábẹ́ rẹ̀, aṣọ náà yóò sì dá dúró lórí afẹ́fẹ́ bí ẹni tí kò sí nínú aṣọ rẹ̀. Ẹ gé páálí dúdú méjì fún ojú. Ẹ má ṣe fi ẹnu sí i. Iwin tí kò ní ẹnu máa ń dẹ́rù ba ọmọdé ju èyí tó ń rẹ́rìn-ín lọ, n kò mọ ìdí rẹ̀ ṣùgbọ́n mo ti dán an wò.

Elégédé àti agolo

Ẹ yan elégédé tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ìrù rẹ̀ ṣì le, tí kò sì ní ojú ibi tó rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé e láti òkè. Ìdí ni èmi ń gé, nítorí pé bí a bá gbé e lé orí iná báyìí, a lè yí iná náà tàn tàbí pa láìsí pé a ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí onírin ha hóró àti fọ́nrán inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ìnípọn bí ìka kan. Ara tí ẹ bá ha, ẹ fi se ọbẹ̀. Hóró rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sá a, ẹ ó rí i gbìn nígbà òjò tó ń bọ̀. Ẹ fi bírò ya ojú àti ẹnu sára rẹ̀, kí ẹ gé ojú kí ẹ tó gé ẹnu, kí ọ̀bẹ sì máa lọ síwájú kúrò lọ́dọ̀ yín. Àgbàlagbà ni kí ó di ọ̀bẹ mú, nítorí èèpo elégédé tiwa máa ń le, ọ̀bẹ sì lè yọ̀ lójijì. Nínú ooru tiwa, elégédé tí a ti gé kì í lò ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, nítorí náà ọjọ́ 30 ni kí ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ sì gbé e sókè. Lọ́dún kan, ewúrẹ́ méjì jẹ ojú ọ̀tún elégédé wa àti gbogbo ẹnu rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì ní láti fi agolo mílíìkì dípò rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe ti agolo nìyí. Ẹ fi píláyà tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà gé ẹnikẹ́ni, ẹ di iyanrìn tútù sínú rẹ̀ kíkìkí dé òkè, kí ẹ sì fi òòlù àti ìṣó lu ihò sí i lára. Iyanrìn ni kì í jẹ́ kí agolo tẹ̀ wọlé bí ẹ bá ń lù ú. Ihò mẹ́wàá tàbí méjìlá yí ojú ká, ogún fún ẹnu tó wọ́, ó tó. Ẹ da iyanrìn nù, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé iná kékeré tó ń lo bátìrì sínú rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ iná, n kò ní gbà ẹnikẹ́ni láyè láti bá mi jiyàn: kí ẹ má ṣe fi àbẹ́là, fìtílà elépo tàbí àtùpà kẹrosínì sínú ohunkóhun tó wà nítòsí aṣọ tí a fi sítáàṣì sí, páálí tàbí òwú. Tọ́ọ̀ṣì àti iná bátìrì ni. Bí NEPA bá sì mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Òjìji lára ògiri

Nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí mo mọ̀, òjìji ni kò náni ní ohunkóhun, òun náà ni ó sì ń dẹ́rù bani jù. Ẹ ya ọwọ́ tí ìka rẹ̀ gùn tó sì rí ṣónṣó sára páálí, kí ẹ gé e jáde, kí ẹ sì fi igi ìgbálẹ̀ mélòó kan tí ẹ dì pọ̀ gbé e dúró nínú agolo iyanrìn. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì tí ó ní gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ ní mítà 2 sí ògiri funfun. Bí páálí náà bá wà ní ìdajì mítà sí tọ́ọ̀ṣì, òjìji rẹ̀ yóò tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ tó gùn ní sẹ̀ntímítà 30 yóò gùn ní sẹ̀ntímítà 120 lára ògiri, ìyẹn sì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí ẹ bá sún un mọ́ iná sí i, yóò tún tóbi sí i, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yóò máa ṣú bàìbàì. Tọ́ọ̀ṣì tí gílóòbù rẹ̀ pọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń ṣe òjìji tirẹ̀, wọn a sì dàrú mọ́ra wọn.

Ẹ so fọ́nrán òwú mọ́ páálí náà, kí ẹnì kan jókòó sí kọ̀rọ̀ kí ó máa fà á jẹ́jẹ́. Ọkọ mi tí kì í dá sí eré ọmọdé ni ó gba iṣẹ́ yìí ṣe, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òwú náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Aláǹtakùn, àdán àti ojú inú igbó

Àwọn wọ̀nyí kò le. Páálí ẹyin ni àdán ti ń wá: ẹ gé ihò mẹ́ta tó wà lórí ìlà kan, àárín ni ara, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé ní ṣónṣó-ṣónṣó ni ìyẹ́. Ẹ fi ọ̀dà èédú kùn ún, kí ẹ fi òwú gbé e kọ́ sí àjà. Aláǹtakùn, ọ̀rá dúdú tí ẹ di àkísà sínú rẹ̀ ni ara rẹ̀, wáyà mẹ́rin tí ẹ gbé la àárín rẹ̀ kọjá yóò sì fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Fún ilé rẹ̀, ẹ mú òwú tí à ń fi nu ojú egbò, kí ẹ sì fà á títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i yóò mì. Aṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọn kì í fà á tó, a sì wá dà bíi pé tìmùtìmù ló tú sí ara fèrèsé. Inú ilé ni kí ẹ na òwú yìí sí, kí ẹyẹ àti alángbá má baà há sínú rẹ̀.

Ojú inú igbó ń wá láti inú kókó páálí tí tíṣù wé mọ́. Ẹ gé ihò méjì tí kò dọ́gba sí i lára, ẹ ki tọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú rẹ̀, ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọ̀rá dúdú, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sáàárín ewé kókò tàbí ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé.

Egbére wa

Àwọn ọmọ ọmọ mi mọ iwin òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ nípa egbére rí, mo sì rò pé ìtìjú ni kí iwin àlejò kún inú ọgbà kí ti onílé má sí níbẹ̀. Nítorí náà a ṣe ọ̀kan. Ìgò kékeré tí a fi iyanrìn kún ni ara rẹ̀, bọ́ọ̀lù àkísà ni orí, irun rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán ọ̀rá dúdú tó bò ó lójú, aṣọ rẹ̀ sì jẹ́ àjákù ìró mi kan tó ti gbó. A pọn zobo ki, a pò ó mọ́ sítáàṣì, a sì fi ìka fa omijé pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Epo pupa ìbá ti fa èèrà wá. Lẹ́yìn náà ni a gé ẹní àtijọ́ kan ní ìwọ̀n ìtẹ́lẹwọ́ méjì, a ká a, a sì so ó mọ́ abẹ́ apá rẹ̀. A gbé e sí ìdí ìkòkò omi ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé, a ki fóònù kan sẹ́yìn rẹ̀ tí a ti gba ohùn ọmọ tó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí, mo sì kó àwọn ọmọ jókòó sórí àkéte nínú òkùnkùn, mo pa á lálọ̀ọ́ fún wọn pé ẹni tó bá lè gba ẹní lọ́wọ́ egbére, tó sì lè fara da ẹkún rẹ̀, yóò di olówó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí a ń tú àwọn ọ̀ṣọ́ palẹ̀, a rẹ àwọn aṣọ iwin sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí sítáàṣì lè ṣí, a sì sá wọn. Wọ́n ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó di alẹ́. A fi elégédé fún àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n ti ń dúró dè é. Nígbà tí a dé ìdí ìkòkò omi, egbére jókòó síbi tí a fi í sí, omijé rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹní abẹ́ apá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo bi àwọn ọmọ léèrè, wọ́n ń wo ara wọn. Mo bi ọkọ mi, ó ní òun ń ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́.